Ọjọ́ Sunday tí mo fi mọ́tò gbé Màmá yí Ìsàlẹ̀ Èkó ká

Ẹni tó bá fẹ́ fi mọ́tò gbádùn Ìsàlẹ̀ Èkó, ọjọ́ Sunday ni kó lọ. Lọ́jọ́ ọjà, ìwọ àti dánfó àti alábàárù ni ẹ ó jọ máa fi èjìká gba ara yín ní Ìdúmọ̀tà.

Aago méje àárọ̀ ni èmi àti Màmá gbéra l'Agége. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n, àdúgbò Bámgbóṣé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí wọn sí, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti débẹ̀ gbẹ̀yìn. Afárá Third Mainland dá wáí. Kìlómítà 11.8 ni, láti 1990 ló sì ti wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ iṣẹ́, mo ti lo wákàtí méjì lórí rẹ̀ rí. Láàárọ̀ yìí, kí Màmá tó ka rosary wọn dé ìdajì, a ti ń sọ̀ ní Adéníji Adélé.

A rọra kọjá níwájú Ìga Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó. Màmá tẹrí ba nínú mọ́tò. Ta ló rí wọn?

Ní Martins Street, bọ́ọ̀lù ló dá wa dúró. Àwọn ọmọdé ti to òkúta sáàárín títì, wọ́n fi ṣe ilé gólì, bọ́ọ̀lù wọn sì yí wọ abẹ́ mọ́tò wa. Mo pa mọ́tò kí wọ́n lè yọ ọ́, ìgbà yẹn ni mo tó wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey dáadáa. Èmi tí mo ti ra aṣọ lẹ́bàá rẹ̀ láìmọye ìgbà! 1894 ni wọ́n ṣí i. João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil padà wálé, ló yàwòrán rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Sultan Tọ́kì fi Mohammed Shitta tó kọ́ ọ joyè Bey.

"Àgùdà bá ìmàle kọ́ mọ́ṣáláṣí," ni Màmá wí, "ẹnikẹ́ni ò bi í pé kí ló ń wá níbẹ̀."

A wo Water House àwọn da Rocha ní Kakawa, níbi tí wọ́n ti ń ta omi kànga láyé ọjọ́un, a sì forí lé Freedom Park. Àwọn géńdé kan gbégi dí wa níwájú, pé ká sanwó ibi ìgbọ́kọ̀sí. Màmá yọ orí: "Ọmọ ilé wo ni ẹ́?" Ohùn ará Ìsàlẹ̀ Èkó ni. Ẹ wò ó, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì tún bá mi darí mọ́tò wọlé. Ọgbà ẹ̀wọ̀n nibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó di ibi ìgbafẹ́ ní 2010. Nígbà tí mo sọ pé ibi tí ìtàgé wà ni wọ́n ti ń so ọ̀daràn rọ̀, Màmá gbé ife zobo wọn, wọ́n lọ jókòó síbòmíràn.

Bámgbóṣé la parí ẹ̀ sí. Ilé wọn ti di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ìtajà, ìlẹ̀kùn onírin ni látòkè délẹ̀. Màmá nawọ́ sí ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà: "Ibí yìí ni ìyá mi ti máa ń ro frejon ní Good Friday. Ẹ̀wà lílọ̀ àti omi àgbọn. Ọwọ́ mi á bó nídìí ọlọ." Wọ́n ń ra ìka pọ̀ bí ẹni ń tọ́ ọ wò.

"Tún yí po lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo yí po. A tún débẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, ọmọ mi."

Mo wo géèjì epo, mo tún yà sápá ọ̀tún.