Fóònù Màmá ń sọ̀rọ̀, àmọ́ kò gbọ́ Yorùbá

Alẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tan TalkBack, ohun tó ń ka ojú fóònù sókè fún ẹni tí ò ríran, sórí fóònù ara mi, díẹ̀ ló kù kí n sunkún. Mo ní kí n mọ̀ ọ́n lò ná kí n tó lọ fi kọ́ Màmá, mo wọ Settings, mo wọ Accessibility, mo tẹ̀ ẹ́, bí fóònù ṣe yarí nìyẹn o. Mo fọwọ́ kan WhatsApp, kò ṣí, orúkọ ẹ̀ ló ń pè. Mo fà á sókè, kò lọ. Ó tó wákàtí kan tí mo fi ń bá a jà, àṣé ẹ̀ẹ̀mejì kíákíá lèèyàn ń tẹ̀ ẹ́ kó tó ṣí, ìka méjì la sì fi ń fà á. Àbúrò mi jókòó síbẹ̀, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín, kò ràn mí lọ́wọ́.

Màmá tí mò ń sọ yìí, ẹ̀gbọ́n màmá mi ni wọ́n, èlùbọ́ ni wọ́n ń tà ní ọjà Ìgbọ̀nà níbí ní Òṣogbo látìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Glaucoma ló mú ojú wọn. Àìsàn yẹn kì í sábà dunni, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ìríran wọlé, èèyàn á kàn rò pé òun ń kọsẹ̀ ni, nígbà tá a fi máa gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà èyí tó ti lọ ti lọ nìyẹn, kò ṣeé gbà padà, oògùn tí wọ́n ń kán sójú kàn wà kí ìyókù má bàa lọ ni. Ìyókù ọ̀hún náà ò pọ̀. Wọ́n mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn, kò jù bẹ́ẹ̀.

A ní kí wọ́n jókòó sílé, wọ́n ní ṣé ojú làwọn fi ń mọ èlùbọ́ tó dáa ni? Wọ́n á ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n á fi àtàǹpàkò yí i láàárín ìka, wọ́n á gbóòórùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní èyí ò gbẹ dénú, òjò pa á. Èmi tí mo lójú méjèèjì, bákan náà ni gbogbo ẹ̀ rí lójú mi.

Owó ni wàhálà. Náírà 5, 10, 20 àti 50, ọ̀rá ni, wọ́n sì kéré, ọwọ́ á mọ̀ wọ́n. Àmọ́ 100, 200, 500 àti 1,000, pépà ni gbogbo wọn, gígùn kan náà, fífẹ̀ kan náà, èèyàn lè fún ẹ ní 200 kó ní 1,000 ni. Torí ẹ̀ ni Màmá fi máa ń ká owó. Ọmọ tó ń bá wọn tajà bá ti sọ iye tó jẹ́, 1,000 wọn kì í ká a rárá, 500 wọ́n á ṣẹ́ ẹ sí méjì ní ìbú, 200 wọ́n á ká a ní òòró, 100 wọ́n á ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin, ó di inú pọ́ọ̀sì. Àwọn tí ò ríran nílẹ̀ òkèèrè náà máa ń ká owó bẹ́ẹ̀. Kò lo bátìrì, kò jẹ dátà.

Àmọ́ ta ló tún ń mú owó dání? Látìgbà tí owó ti wọ́n lóde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 la ti kọ́ tíránsífà tipátipá. Oníbàárà kan ra kóńgò 3 lọ́jọ́ tí ọmọ ò sí nítòsí, ó na fóònù sí Màmá lójú, ó ní “Ẹ wò ó, Màmá, ó ti lọ.” Ẹ wò ó kẹ̀! Títí dòní a ò rí owó yẹn.

Ohun tó gbé mi dé ìdí TalkBack nìyẹn. Google ló ni ín, ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà lórí Android láti 2009, ọdún yẹn náà ni VoiceOver, irú ẹ̀ tó jẹ́ ti Apple, dé orí iPhone. Mo dín ìyára ohùn ẹ̀ kù, mo fi íápíìsì kan sí etí wọn, ká má bàa máa ka owó wọn fún gbogbo ọjà. Álẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ dé, 4,500. Iye yẹn yé wọn dáadáa, orúkọ ẹni tó fowó ránṣẹ́ ni kò yé wọn. Adébọ̀wálé o, fóònù sọ ọ́ di nǹkan míì pátápátá. Màmá yọ íápíìsì létí, wọ́n ní, “Òyìnbó wo ló ra èlùbọ́ lọ́wọ́ mi?”

Ẹ ò tíì gbọ́ WhatsApp. Ọmọ wọn tó wà ní Ìbàdàn kọ Yorùbá ránṣẹ́, fóònù kà á bí ẹni tí ahọ́n ẹ̀ wú. Mo yẹ gbogbo ohùn tó wà lórí fóònù yẹn wò, mi ò rí Yorùbá níbẹ̀, la bá kéde fún ẹbí pé voice note nìkan ni kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí Màmá.

Mo sì rò ó pé ká ní ohùn Yorùbá tiẹ̀ wà, kí ló fẹ́ kà? Èmi náà máa ń kọ “mo fi igba ranse” láìfi àmì kankan sí i. Ṣé 200 ni àbí igbá? Ẹni tó ń fojú kà á á fọgbọ́n gbé e, ẹ̀rọ á kàn sọ èyí tó bá rí. Látìgbà náà ni mo ti ń fàmì sórí ọ̀rọ̀, Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google, ní Yorùbá, ó kàn ń falẹ̀ ni. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń pè mí ní tíṣà.

Ti áàpù báǹkì ló ń bí mi nínú jù. Èyí tí Màmá ń lò, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ rìn lórí ẹ̀, “button, button, button” ló ń pè, àwọn tó ṣe é ò fún bọ́tìnnì wọn lórúkọ. Òfin tó ní kí wọ́n má ṣe fi ẹ̀tọ́ aláàbọ̀ ara dù wọ́n, oṣù kìíní 2019 ni ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i o. A gbìyànjú USSD, èyí tí wọ́n ń fi nọ́ńbà tẹ̀ láìlo áàpù, kí fóònù tó ka àkójọ ohun téèyàn lè yàn tán, ó ti já. Nítorí náà tí Màmá bá fẹ́ sanwó ọjà, èmi ni wọ́n ń sọ PIN fún. Wọ́n fọkàn tán mi, àmọ́ mo máa ń rí i lójú wọn pé kò dùn mọ́ wọn.

Ọ̀pá funfun la ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, èyí tó ń ká sí mẹ́rin, tí okùn rọ́bà wà nínú ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ pátápátá, àwọn kì í ṣe alágbe. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n gbà. Lọ́jọ́ kejì a dúró ní Ọláìyá, à ń wá kẹ̀kẹ́, ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ ki owó bọ Màmá lọ́wọ́, ó ní Ọlọ́run á la ojú yín, ó ń lọ. Ojú tì mí débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀.

Màmá fọwọ́ pa owó náà. “Èló ni?”

Mo ní 100 ni.

Wọ́n ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin, wọ́n fi sínú pọ́ọ̀sì. “Sáré pè é padà, ní kó júwe ilé ẹ̀, ká gbé èlùbọ́ ọgọ́rùn-ún náírà ẹ̀ wá fún un.”