Ọjọ́ Tí Mẹ́sí Mi Dákẹ́ Lójú Àna

Ìyá Ìbejì ní ká ra Corolla. Èmi ni mo ní rárá, ṣé ó fẹ́ káwọn èèyàn Ìjẹ̀bú-Òde máa nawọ́ dá mi dúró bí onímọ́tò kábúkábú ni? Mo bá ra Mẹ́sí ọlọ́yẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti fẹ̀yìn tì, 500 SEL, ọdún 1989 ni wọ́n ṣe é ní Jámánì. Ọdún 2022 nìyẹn, lítà epo kan ò tíì pé igba náírà. Ohun tí mò ń rò ni bí màá ṣe máa sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀ ní Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, kí ẹnu gbogbo régbérégbé wa wọhò.

Ẹ́ńjìnì lítà márùn-ún, sílíńdà mẹ́jọ. Nínú ìgboro, lítà kan kì í gbé e dé kìlómítà márùn-ún. Corolla àbúrò ìyàwó mi ń fi lítà kan náà rin mẹ́wàá, á tún máa wá sí i. Lítà 90 ni táǹkì tèmi ń gbà. Nígbà tí lítà kan lé ní ẹgbẹ̀rún náírà lápá ìparí ọdún 2024, mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀: bí mo bá kún un lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti ju 70,000 náírà tí ìjọba ní owó oṣù òṣìṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ dín sí. Àtìgbà náà, ọmọ tó ń ta epo á sáré wá pàdé mi, á tẹrí ba: “Alága, ṣé ká kún un?” Èmi á yọrí lójú fèrèsé bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí ìlú: “Ẹgbẹ̀rún márùn-ún.” Ojú tọ́mọ náà máa ń fi wò mí, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Lóṣù kọkànlá ọdún yẹn, ìyá ìyá ìyàwó mi papò dà. Wọ́n pè wá sípàdé ìnáwó ní Ìlíṣàn. Ìyá Ìbejì ti lọ láti ọjọ́ Ẹtì, èmi ń bọ̀ ní Sátidé. Mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí: “Ẹ̀yin àgbà, ọdún yìí ò rọgbọ. Ẹ jẹ́ kí n gbé àpò ìrẹsì kan wá.” Mo tilẹ̀ wọ bùbá àǹkárá kan tí ọrùn rẹ̀ ti ń ya. Mọ́tò ló kù. Ta ló ń gun Mẹ́sí lọ bẹ̀bẹ̀ pé òun ò lówó? Mo ní màá gbé e pamọ́ sẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lórí òkè, màá wá fẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀ dé ilé àna, kí eruku díẹ̀ bà lé bàtà mi.

Epo ẹgbẹ̀rún méje náírà ni mo rà. Ọ̀nà náà ò ju bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ, ó yẹ kó gbé mi débẹ̀. Àmọ́ tírélà kan dábùú ọ̀nà nítòsí Odògbólú, a wà lójú kan fún wákàtí kan gbáko, n ò sì pa AC. Èmi tí mò ń lọ ṣàlàyé àìlówó ni mo jókòó sínú atẹ́gùn tútù, tí mò ń jó owó níná. Gééjì epo ní tiẹ̀ ti kú sí ìdajì láti ọdún tó kọjá, ọkàn mi sì balẹ̀.

Mo gun òkè Ìlíṣàn yẹn tán, mo ní kí n yà sẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ẹ́ńjìnì dákẹ́. Kò húkọ́, kò sín. Ẹni tó bá ti wa irú rẹ̀ á mọ̀ pé bí ẹ́ńjìnì bá kú, agbára tó ń báni yí sítíà kú tẹ̀lé e. Sítíà le bí ọlọ ata. Mo tẹ bíréèkì, ó gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn ìyẹn ó di òkúta. Irin tó lé ní tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀ bá gbé mi kọjá ilé ẹ̀kọ́, ó gbé mi kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń lọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, adìyẹ ń sá fún un. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni mo fi tẹ bíréèkì kó tó dúró. Iwájú kánópì ló dúró sí, ìràwọ̀ orí imú rẹ̀ kọjú sí Bàbá Àgbà gan-an.

Gbogbo wọn dìde. “Ọkọ wa dé o!” Ẹnì kan ní, “Ẹ ẹ̀ rí i bó ṣe dákẹ́! A ò tiẹ̀ gbọ́ pé ó ń bọ̀!” Bàbá Àgbà mi orí: “Mọ́tò nìyẹn. Tàwọn ọmọ ìwòyí a máa han bí ẹ̀rọ ìlọta.” Àbúrò ìyàwó mi tó ni Corolla sorí kọ́. Ìyá arúgbó kan ti bẹ̀rẹ̀ sí kì mí, “Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè, ọmọ Àwùjalẹ̀!” Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo sọ̀kalẹ̀, mo rọra ti ilẹ̀kùn, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀rù bà mí o, àmọ́ kí n má parọ́, inú mi dùn díẹ̀.

Nígbà tó kàn mí, mo ní, “Ẹ̀yin àgbà, ọdún yìí ò rọgbọ...” Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Bàbá Àgbà ní olówó kì í fẹnu ara rẹ̀ pera rẹ̀ lólówó. “Akọ̀wé, màlúù kan. Kọ ọ́ sílẹ̀.” Ìyá Ìbejì fi ìborùn bo ẹnu.

Ó wá ku bí màá ṣe délé. Mo fọgbọ́n pe ọmọkùnrin kan, mo fún un ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà pẹ̀lú kẹ́gì tó ń gbé nínú bútù mi, mo ní kó gba ẹ̀yìnkùlé padà, kí ẹnikẹ́ni má rí i. Àárín kánópì lọmọ gbà dé, kẹ́gì lórí: “Ọkọ àǹtí, epo yín rè é o!”

“Epo kí ni, àna wa?”

Ahọ́n mi sáré jù mí lọ. “Ẹ má bínú, Bàbá. Mo rí i pé iná ò sí ni, mo ní kí wọ́n ra epo sí jẹnẹrétọ̀.”

Àdúrà tí wọ́n rọ̀ lé mi lórí! Wọ́n ní n ò ní rí òkùnkùn láyé. Kí n tó ní kí wọ́n ṣẹ́ díẹ̀ kù, mo gbọ́ ọ lẹ́yìnkùlé: tútútútú. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí yí. Èmi nìkan ló ń làágùn.

Láago mẹ́jọ alẹ́, mo ní ọ̀nà ò dáa lóru, kí Mẹ́sí sùn síbẹ̀. Corolla ló gbé wa padà. Ìyá Ìbejì jókòó síwájú, èmi àti kẹ́gì òfìfo wà lẹ́yìn. A ti fẹ́ kọjá Odògbólú kí àbúrò tó fi ọ̀wọ̀ bèèrè ohun tó ti ń dùn ún láti ọ̀sán.

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè ṣe tí ẹ́ńjìnì tèmi náà á fi máa dákẹ́ bẹ́ẹ̀?”

Ìyá Ìbejì ò yíjú padà. “Má ra epo sí i.”