Péálì tó dán ni kẹ́ ẹ rà, ẹ fi ti títóbi sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra péálì, ẹ má kọ́kọ́ wo bó ṣe tóbi tó, ẹ má tiẹ̀ wo bó ṣe rí róbótó, dídán ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Mo mọ̀ pé àwa obìnrin Yorùbá, ìlẹ̀kẹ̀ tó bá ti tóbi la máa ń rò pé ó lówó lórí, iyùn ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀, kí iyùn gbàgìdì wà lọ́rùn ìyàwó kí gbogbo ojú ṣí. Ṣùgbọ́n péálì kì í ṣe iyùn o. Èyí tó kéré tó ń dán yanran lè gbówó lórí ju èyí tó tóbi tójú ẹ̀ kàn funfun bí ẹfun lọ.

Bí wọ́n ṣe ń wò ó rèé. Ẹ gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ má wò ó lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù wọn yẹn, kò sí nǹkan tí kì í dán níbẹ̀. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí fèrèsé yẹn lójú ẹ̀, tí etí ẹ̀ là gẹ́rẹ́gẹ́, tẹ́ ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka irin ojú fèrèsé, ẹ dì í mú. Tó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ bàìbàì kan ló kàn tàn káàkiri ara ẹ̀, ẹ dá a padà fún wọn, ẹ ní ẹ ń bọ̀.

Ẹran inú ìkarahun, oyster tàbí mussel, ló ń ṣe dídán yẹn, ó ń bo nǹkan tó wọ ara ẹ̀ ní ìpele-ìpele, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, fún oṣù tàbí ọdún gbọọrọ. Èyí tí wọ́n bá kánjú kó jáde nínú omi, ìpele ẹ̀ kì í nípọn, kì í sì pẹ́ tó fi ń bó. Láyé àtijọ́ àwọn òmùwẹ̀ ló ń wá a nísàlẹ̀ òkun Bahrain àti agbègbè ibẹ̀, wọ́n á ṣí ìkarahun títí kí wọ́n tó rí ẹyọ kan tó dáa. Owó ẹ̀ wá le débi pé ní 1917, Pierre Cartier, oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́, gbé péálì ọrùn olókùn méjì fún Maisie Plant, ìyàwó olówó kan ní New York, ilé ńlá wọn ní Fifth Avenue àti dọ́là 100 ló sì gbà dípò. Ilé o! Ibẹ̀ ṣì ni ṣọ́ọ̀bù Cartier títí dòní. Bẹ́ẹ̀ ní Jàpáánì, Kokichi Mikimoto ti rí péálì tó sìn fúnra ẹ̀ kó láti 1893, àmọ́ ìdajì róbótó nìyẹn, nígbà tí èyí tó róbótó dáadáa wá kún ọjà lẹ́yìn náà, owó péálì wó lulẹ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ kí tèmi tìẹ rí i rà. Ti China, èyí tí wọ́n ń sìn nínú omi odò, ni mo máa ní kí ẹni tówó ẹ̀ ò pọ̀ lọ rà, torí mussel kan lè mú péálì tó lé ní 20 jáde, ó sì wọ́pọ̀ pé kò sí kóró kankan tí wọ́n fi sáàárín ẹ̀, àtinú dé ìta ló jẹ́ péálì. Akoya, ìyẹn péálì inú òkun ti Jàpáánì, máa ń dán jù ú lọ lóòótọ́, àmọ́ kóró ìkarahun wà nínú ẹ̀. Ti Tahiti tó dúdú tó ń kọ àwọ̀ ewé àti èyí aláwọ̀ góòlù tó ń wá láti Philippines, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ fáwọn tówó wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí dúdú kirikiri lówó pọ́ọ́kú, aró ni wọ́n pa á o. Ẹ wo ẹnu ihò ẹ̀, àwọ̀ máa ń dì síbẹ̀.

Ihò yẹn gan-an ló ń tú àṣírí ayédèrú. Oníke tàbí gíláàsì tí wọ́n kun nǹkan sí lára, ẹ máa rí i pé ọ̀dà ti ń ṣí létí ihò, nígbà míì ẹ tiẹ̀ máa rí gíláàsì lábẹ́ ẹ̀. Ẹ tún lè rọra fi í ha etí eyín iwájú, ti gidi máa ń ṣe iyanrìn-iyanrìn, ayédèrú á máa yọ̀ ni. (Ẹ fi omi nù ún kẹ́ ẹ tó kó o sẹ́nu, ẹ ò mọ ọrùn tó ti dé.) Àwọn tó ń sọ pé tó bá ti tutù ó ti di original, oníke nìkan lẹ lè fìyẹn mọ̀, gíláàsì náà ń tutù. Ká sì sọ tòótọ́, ayédèrú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n bá ti pè é lórúkọ ẹ̀, péálì gíláàsì Jackie Kennedy, ìyàwó ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan, ni Sotheby's, ilé iṣẹ́ tó ń ta ọjà ní gbàǹjo, tà ní dọ́là 211,500 lọ́dún 1996. Èyí tó ń bí mi nínú ni kí wọ́n gba owó gidi lọ́wọ́ ẹni lórí oníke, kí wọ́n wá máa pariwo AAA fún ẹni ní Balógun, nígbà tó jẹ́ pé òǹtajà fúnra ẹ̀ ló ń fún ọjà ẹ̀ ní máàkì, kò sí òdiwọ̀n kan tí gbogbo ayé jọ ń lò fún AAA yẹn.

Lẹ́yìn dídán, kókó ni kẹ́ ẹ wò. Péálì tó dáa, òwú sílíìkì ni wọ́n fi ń sín in, wọ́n á ta kókó sáàárín ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Tó bá já lóde ìnáwó, ẹyọ kan péré ló máa bọ́, ẹ ò ní máa rá lábẹ́ tábìlì lọ ṣa ìlẹ̀kẹ̀ nígbà tí onílù ń kì yín lọ́wọ́.

Ara péálì rọ̀, lọ́fínńdà àti òógùn máa ń jẹ ẹ́, torí náà lẹ́yìn pọ́ńdà, lẹ́yìn lọ́fínńdà, lẹ́yìn gèlè ni kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, òun náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bọ́ tẹ́ ẹ bá délé, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ má fi kọ́ torí òwú ẹ̀ á fà. Tẹ́ ẹ bá ti ń rí àlàfo láàárín ìlẹ̀kẹ̀ àti kókó, ó ti tó tún sín nìyẹn, ẹ wá ẹni tó mọ kókó ta, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ lọ́jà, fishing line ni wọ́n máa fà yọ fún yín, wọ́n á ní òun ló lágbára jù. Ẹ má gbà fún wọn.