Ẹ̀rọ Ìgúnyán Tí Mo Rà fún Màmá Mi, àti Ohun Tí Ó Kọ́ Mi

Èjìká Màmá mi ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀yẹ́-Èkìtì ni wọ́n ń gbé, wọ́n ti pé ẹni ọdún 71, bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, iyán ni wọ́n máa jẹ. Ẹni tó bá mọ Èkìtì mọ̀ pé kì í ṣe àṣejù. Àwọn àgbà wa lè jẹ ìrẹsì yó lọ́sàn-án, kí wọ́n tún bi yín ní ìrọ̀lẹ́ pé ìgbà wo ni wọ́n máa jẹun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ló ń bá wọn gún un. Nígbà tí ó wọ yunifásítì, Màmá gba ọmọ odó padà. Kò pẹ́ kò jìnnà, apá ọ̀tún wọn ò ṣeé gbé dé etí mọ́. Gèlè gan-an, aládùúgbò ló ń bá wọn wé e.

Adó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí mo lọ kí wọn, tí mo rí i pé ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń gúnyán, oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Bí mo ṣe gba owó oṣù, ọjà ni mo gbà lọ. Mo ra ẹ̀rọ ìgúnyán, mo ra bílẹ́ńdà ńlá, mo ra sítóòfù oníná mọ̀nàmọ́ná olójú méjì. Mi ò bi Màmá ní ohunkóhun. Ẹni tó tà á fún mi ní ẹ̀rọ ìgúnyán yẹn á gúnyán, á lọ ata, á lọ ẹ̀wà, á po ìyẹ̀fun. Mo gbà á gbọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ó jóná.

Mo fẹ́ sọ bí ó ṣe jóná, nítorí ó dá mi lójú pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ pé ẹ̀rọ ìgúnyán ò dáa ṣe ń jóná. Alẹ́ ni. Iná wà, ṣùgbọ́n kò lágbára, gílóòbù kàn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ni. Iṣu ti wà nílẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí iná tó dé, ó ti tutù, ó ti gan. Màmá kó gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó kún dé ẹnu, wọ́n bá tan án. Abẹ inú rẹ̀ yí díẹ̀, ó há, ó wá ń kùn. Wọ́n rò pé ó ń ṣiṣẹ́ lọ ni. Òórùn ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá wa tún un ṣe tú u hàn mí: wáyà tí wọ́n wé sínú mọ́tò rẹ̀ ti dúdú. Ó ní 230 fọ́ọ̀tì ni wọ́n ṣe é fún. Bí iná bá wálẹ̀ sí 160 tàbí 170, mọ́tò ò ní lè yí bó ṣe yẹ, fáànù kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i náà á máa lọ́ra, ooru á wá mú inú rẹ̀ títí ohun tí wọ́n fi bo wáyà á fi jóná. Bí abẹ bá tún há, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. Mo bi í bóyá jẹnẹrétọ̀ kékeré ilé ló yẹ kí Màmá máa lò. Ó mirí. Èyí tí agbára rẹ̀ ò ju 650 wáàtì lọ ò lè gbé ẹ̀rọ 1,000 wáàtì, pàápàá torí pé ìgbà tí mọ́tò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra, iná tó máa ń fà ń ju èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn tí a tún un ṣe, èmi àti Màmá jókòó tì í ní Sátidé mẹ́ta léraléra títí a fi mọ ìwà rẹ̀. Bí kókó bá wà nínú odó, ọwọ́ ẹni tó ń gúnyán á mọ̀, á fi ọmọ odó lọ bá a. Ẹ̀rọ ò mọ kókó. Bí iṣu bá ṣe rí nínú ìkòkò ni iyán rẹ̀ máa rí. Nítorí náà, à ń gé iṣu kó dọ́gba, kí apá kan má baà jinná kí ìkejì ṣì le, a sì ń jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀ ju iṣu tí a fẹ́ fi epo jẹ lọ. Ó gbọ́dọ̀ ṣì máa gbóná fẹlifẹli nígbà tó bá ń wọ inú ẹ̀rọ. Ìdajì abọ́ la ń bù lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó yí láìbomi sí i, lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa fi ṣíbí bu omi gbígbóná tí ẹ fi se iṣu náà sí i ní díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti dì mọ́ra, ẹ pa á. Màmá kọ́kọ́ ń jẹ́ kó pẹ́, wọ́n rò pé bó bá ṣe pẹ́ tó ni yóò ṣe kúnná tó, ó wá ń lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ bí àtè. Abẹ inú ẹ̀rọ kì í gún iṣu, gígé ló ń gé e, bó bá sì gé e jù, ó máa ń fà bí gọ́ọ̀mù.

Ẹ má gbé ewùrà síbẹ̀ rárá, òjòjò ni kí ẹ fi ṣe. Iṣu tuntun sì lómi nínú púpọ̀, ẹ lè má nílò láti bu omi sí i.

Ṣé ó dà bí ti odó? Rárá. Ti odó dùn jù ú lọ, mi ò ní purọ́ fún yín. Àbúrò bàbá mi kan tilẹ̀ sọ fún Màmá pé iyán òyìnbó ni wọ́n ń jẹ. Èyí dùn mí, mo sì dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kì í ṣe òyìnbó ló ronú kan ẹ̀rọ ìgúnyán fún wa, pé ní Yunifásítì Ifẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Makanjuola ti ń ṣiṣẹ́ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1974. Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n sì jẹ òkèlè wọn tán.

Àwọn Sátidé yẹn náà ni mo rí ohun tó yẹ kí n ti rí kí n tó náwó. Mo jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná láti àárọ̀, mo ń wo Màmá. Iyán gúngún ò gbà wọ́n ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ̀wà ló ń pa wọ́n. Aago mẹ́jọ ni wọ́n gbé e kaná igi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ koná, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bomi sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tọ́ ọ wò, aago mẹ́wàá kọjá kó tó rọ̀. Ìgbà mọ́kànlá ni mo kà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìbàdí ń dun Màmá mi fún ọdún mélòó kan, kò sí ẹnì kankan nínú àwa ọmọ tó mọ̀, nítorí èjìká nìkan la bi wọ́n.

Pirẹ́ṣà pọ́ọ̀tù ló yanjú èyí, a gbé e sórí gáàsì tó wà lórí tábìlì tó ga dé ìbàdí wọn. Omi inú ìkòkò lásán kì í gbóná ju ìwọ̀n 100 lọ, ẹ báà koná mọ́ ọn títí di ọ̀la. Nínú pirẹ́ṣà pọ́ọ̀tù, ooru ò rọ́nà jáde bọ̀rọ̀, omi ń gbóná dé nǹkan bí 120. Ẹ̀wà tó bá sùn sínú omi mọ́jú ń jinná láàárín 20 sí 30 ìṣẹ́jú. Ẹ̀rù rẹ̀ kọ́kọ́ ń ba Màmá nítorí bó ṣe ń súfèé, mo sì fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù rẹ̀ níwọ̀nba: ẹ má jẹ́ kí ẹ̀wà àti omi rẹ̀ kọjá ìdajì, torí ìfófòó ẹ̀wà lè dí ihò tí ooru ń gbà jáde. Ẹ má fi agbára ṣí ìdérí rẹ̀. Bí rọ́bà etí rẹ̀ bá ti ń là, òmíràn ni kí ẹ rà.

Bílẹ́ńdà ńkọ́? Mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ilé kẹta sí ti Màmá ni wọ́n ti ń lọ ata, wọ́n sì fẹ́ràn láti máa rìn lọ síbẹ̀ láàárọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹni tó bímọ àti ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Mi ò fẹ́ gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn.

Sítóòfù oníná ni mo kábàámọ̀ jù. Yúnìtì kan ni ohun tó bá ń fa 1,000 wáàtì máa jẹ fún wákàtí kan. Ẹ̀rọ ìgúnyán tó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ò jẹ ju 0.05 yúnìtì lọ. Ṣùgbọ́n ojú sítóòfù kan tó jẹ́ 1,500 wáàtì, tí ẹ bá gbé ẹ̀wà sórí rẹ̀ fún wákàtí méjì, yúnìtì mẹ́ta ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n gbé iye owó iná Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí iná máa wà fún ní ó kéré tán ogún wákàtí lójúmọ́, sí náírà 225 fún yúnìtì kan, ìkòkò ẹ̀wà yẹn nìkan á jẹ náírà 675, nígbà tí iyán ò ní jẹ ju náírà 12 lọ. Ohun tó ń yí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kì í jẹ iná tó ohun tó ń gbóná fún wákàtí. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wo iye wáàtì tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì bi ara yín bí wákàtí tó máa fi wà lórí iná ṣe pọ̀ tó.

Ó ku ti fífọ̀. Bí ẹ bá ti kó iyán kúrò nínú abọ́ ẹ̀rọ báyìí, ẹ yọ pulọ́ọ̀gì, kí ẹ da omi sínú abọ́ náà kí ẹ tó jókòó ti oúnjẹ. Iyán tó bá gbẹ mọ́ ìdí abẹ le bí òkúta, ibi tí ẹ bá sì ti ń fi èékánná họ ọ́ ni yóò ti gé yín lọ́wọ́. Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń fọ ìgò ọmọ ni Màmá ń lò fún un. Àwọn fúnra wọn ló ronú kàn án.