Káàdì 13: Alp tó ń gun àyà ẹni tó sùn

Agogo mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá, tàdáwà ṣì wà léèékánná mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ eléyìí kí inú mi tó rọlẹ̀. Àwọn ẹ̀dá inú ìtàn àwọn Jámánì ni mò ń gbẹ́ sórí róbà, tí mo ń tẹ̀ sórí bébà láti fi ṣe káàdì ìkọ́-èdè, káàdì Alp sì ti jáde! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá a fà á, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán kan ṣoṣo ni mo fi tẹ Drache (dírágónì), Einhorn (ẹṣin oníwo kan) àti Riese (òmìrán) tán.

Hexe, àjẹ́, ti gbẹ. Nixe, iwin inú omi, ti gbẹ, àpáta Loreley ti odò Rhine ni mo gbé e jókòó lé. Kobold, iwin kékeré kan, náà ti parí, tàdáwà búlúù ni mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi tẹ̀ ẹ́. Láyé àtijọ́, àwọn awakùsà ní òkè Erzgebirge, ní Saxony, máa ń rí òkúta kan tó jọ èyí tó ní fàdákà nínú. Tí wọ́n bá yọ́ ọ, wọn ò ní rí fàdákà kankan, èéfín olóró ló máa bò wọ́n. Wọ́n ní Kobold ló wà nídìí ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1735, Georg Brandt ará Sweden rí irin tuntun nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀, orúkọ iwin yẹn ló sì ń jẹ́ títí dòní: kobalt. Irin yìí ló ń sọ gíláàsì di búlúù.

Ó wá ku Alp. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ bí káàdì wa ṣe rí: àwòrán lókè, ọ̀rọ̀ Jámánì pẹ̀lú der, die tàbí das rẹ̀ (ọ̀rọ̀ kékeré tó ń ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ) nísàlẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì lápá òsì, Yorùbá lápá ọ̀tún. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbẹ́ sápá Gẹ̀ẹ́sì ni "elf", torí ìdí kan náà ni òun àti Alp ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ṣi ọmọ tó ń kọ́ èdè lọ́nà. Elfe ni Jámánì ń pe elf tòde òní, ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti yá a ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé Jámánì bíi Wieland ń túmọ̀ Shakespeare. Alp àtijọ́ kì í ṣe ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ tó ń jó láàárín òdòdó. Òru ló ń wá. Ojú ihò kọ́kọ́rọ́ ló ń gbà wọlé, á gun àyà ẹni tó sùn, á jókòó lé e, onítọ̀hún ò ní lè mí dáadáa, kò ní lè ké. Alpdrücken ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ara orúkọ rẹ̀ ni Albtraum, àlá burúkú, ti jáde, tí wọ́n gbà kí èèyàn fi b tàbí p kọ láti ìgbà àtúnṣe ìkọ̀wé ọdún 1996. Mo wá fi "nightmare" rọ́pò "elf". Mare inú rẹ̀ kì í ṣe abo ẹṣin o, Mahr àwọn Jámánì ni, ọmọ ìyá Alp.

Apá Yorùbá ló wá le jù. "Ogun oru" ni mo gbẹ́. Mo kà á fún ìyá mi lórí fóònù.

"Ohun tó ń ṣe ẹni tó sùn lo kọ yẹn," ni wọ́n wí. "Ta ló wá jókòó lé e láyà?"

"Nǹkan kúkúrú kan ni, mà."

"Ṣìgìdì nìyẹn."

Ara mi bù máṣọ! Èèyàn ló ń rán Ṣìgìdì, amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, ẹni tó rán an kò sì gbọdọ̀ sùn títí iṣẹ́ fi máa parí. Alp ní tirẹ̀ ń dá ara rẹ̀ rìn. Màá kọ ìyàtọ̀ yẹn sẹ́yìn káàdì, ṣùgbọ́n orí àyà ni àwọn méjèèjì ń jókòó sí.

Mo gbẹ́ ẹ, mo yí tàdáwà sí i, mo ṣí bébà: Ṣígídí. Mo rántí kọ gbogbo lẹ́tà ní ìdàkejì, mo gbàgbé pé àmì ohùn náà máa yí padà. Lórí róbà, àmì òkè ni kí n gbẹ́ kí àmì ìsàlẹ̀ tó lè jáde lórí bébà. Rübezahl, iwin orí òkè, kò fún mi ní wàhálà yìí, torí àmì méjì orí ü kò dà síbì kankan. Àmì mẹ́ta ni Ṣìgìdì ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò tó ìdajì ìrẹsì, àkọ́kọ́ sì bó dànù ní ìgbà kejì. Róbà tí mo rà ní Ṣómólú lóṣù tó kọjá ti pẹ́ nílé ọlọ́jà, ó ń rún. Mo sá a sóòrùn díẹ̀ kó rọ̀, mo pọ́n ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá gbà.

Bí mo ṣe ń fi ẹ̀yìn ṣíbí onígi tẹ bébà mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi lọ́kàn. Drücken (títẹ nǹkan mọ́lẹ̀) ni Alp ń ṣe, drucken (títẹ ìwé) ni èmi ń ṣe, inú ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì ti wá. Àwa náà, tẹ̀ kan ṣoṣo la ní fún méjèèjì. Inú mi dùn dé ibi tí mo dúró tí mò ń wo bébà.

Mo ti ní kí n má ṣe ju káàdì 24 lọ, ṣùgbọ́n Elfe gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀ báyìí, ó di 25. Láti orí ìkẹrìnlá, róbà ọ̀tọ̀ ni màá máa gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí, kí àṣìṣe àmì má bàa ba àwòrán jẹ́. Rárá, màá bẹ̀rẹ̀ látorí Alp yìí gan-an, torí mo fẹ́ fi bàtà méjì kún un lẹ́bàá ibùsùn, kí orí wọn kọjú sí ilẹ̀kùn. Bí àwọn àgbà Jámánì àtijọ́ ṣe ń lé Alp nìyẹn.

Bébà mẹ́fà ló wà lórí okùn lálẹ́ yìí. Lára mẹ́rin, àmì ìkejì ṣì ń fà. Abẹ́rẹ́ ni màá fi nu ihò rẹ̀ lọ́la kí n tó tún tẹ òmíràn.