Owó ibodè tí daíódì ń gbà lọ́wọ́ fìtílà Màmá Àgbà

Ọwọ́ Màmá Àgbà ti ń gbọ̀n. Bí fìtílà wọn bá kú lálẹ́, wọn a máa wá ihò tí wọ́n máa ki ẹnu wáyà ṣájà bọ̀, wọn a wá a títí tó máa fi sú wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe fìtílà tí wọ́n kàn máa gbé lé pátákó kékeré kan, tí iná á sì wọ bátìrì rẹ̀ láìsí wáyà. Bátìrì 12 volt ló ń fún pátákó náà ní iná, sólà kékeré orí páànù wọn ló sì ń ṣáàjì bátìrì yẹn. Watt kan tó bá ṣòfò, oòrùn Màmá ló ṣòfò.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tàn án, inú mi dùn títí mo fi gbé mítà sí i. 4.8 watt ń wọ pátákó, 2.5 watt péré ló ń dé inú fìtílà. Mo ní àlàfo àárín kóìlì méjèèjì, ìyẹn wáyà tí mo ká róbótó, ọ̀kan nínú pátákó, ọ̀kan nínú fìtílà, ló ń jẹ ẹ́. Mo sún wọn mọ́ra, mo tún wáyà ká, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Àfi ìgbà tí mo fọwọ́ kan daíódì mẹ́rin, àwọn ohun kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, tó wà níbi rectifier, ibi tí iná síwá-sẹ́yìn ti ń di iná síwájú nìkan. Kíá ni mo fa ọwọ́ padà.

Iná tó ń ti ara kóìlì kan bọ́ sí èkejì, síwá-sẹ́yìn ló ń ṣe. Tèmi ń ṣe é nígbà 150,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 150 kHz, ó wà láàárín 87 kHz sí 205 kHz tí Qi, ṣájà fóònù aláìní-wáyà, ń lò. Bátìrì ò gba irú iná bẹ́ẹ̀, síwájú nìkan ló fẹ́. Daíódì ló ń dá a dúró ní ẹnu ibodè, ṣùgbọ́n kò sí oníbodè tí kì í gba owó. Ibodè méjì ni iná ń kọjá nínú rectifier oní-daíódì mẹ́rin. 1N4007, irú daíódì tí mo kọ́kọ́ fi síbẹ̀, ń gba bíi 0.85 volt ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 1.7 volt lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbé 5 volt péré wọlé! Ọkọ̀ oníbátìrì tó ń gba 400 volt lọ́nà kan náà kò lè mọ iye yẹn lára. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kéré ni owó ibodè ń pa.

1N4007 tún ń lọ́ra. Iná ìjọba, tó ń yí nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ni wọ́n ṣe é fún. Ní ìwọ̀n eré tèmi, kó tó ti ilẹ̀kùn tán, iná ti sá padà sẹ́yìn. Ooru tó jó mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Mo ra 1N5819 mẹ́rin ní Queen Cinema, n'Íbàdàn. Irú daíódì tí wọ́n ń pè ní Schottky ni: irin ló fara kan sílíkọ́nì nínú rẹ̀, kíá ló ń ti ilẹ̀kùn, bíi 0.4 volt ló sì ń gbà. Mo jó wọn mọ́ bọ́ọ̀dù, mo gbé mítà sí i: 4.1 watt ló ń wọlé báyìí fún 2.5 watt kan náà. Àmọ́ kò lè fara da ju 40 volt lọ. Bí bátìrì fìtílà bá kún, tí kò gba iná mọ́, volt á gbéra sókè. Ọ̀kan ti bàjẹ́ lọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀ kí n tó fi zener, daíódì tí kì í jẹ́ kí volt kọjá iye kan, há a.

Mo tún dán MOSFET wò, ìyẹn ṣíṣí-títì kékeré tí wọ́n ń fi iná darí, dípò daíódì. Owó ibodè tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, 3.6 watt ló tó. Ṣùgbọ́n ẹlòmíì ní láti máa ṣí i, kó máa tì í, lákòókò gan-an. Bó bá pẹ́ ṣí, daíódì inú ara rẹ̀ á gba iṣẹ́, èyí tó ń gba owó ju Schottky lọ. Bó bá pẹ́ tì, iná inú kàpásítọ̀, ohun tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀, á sá padà sínú kóìlì. Méjì ti jóná. Orí tábìlì mi ni iṣẹ́ yẹn ṣì wà, mi ò ní gbé e fún Màmá títí n ó fi fọkàn tán an.

Schottky ló wà nínú tiwọn. Lálẹ́ àná, wọ́n gbé fìtílà lé pátákó láì wo ọwọ́ wọn, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá mi sọ lọ.