Ohun tí òfin Àwìn fojú mi rí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣe eré káàdì tiyín, ẹ kú iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ẹ̀dà kẹta eré wa jáde. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àbúrò kan ní Ṣàgámù fi káàdì tuntun ránṣẹ́ sí mi, tí òfin rẹ̀ ní: "Gbé e lónìí, san ẹ̀mí rẹ lẹ́yìn." Ó ti fẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́. Àyà mi já. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun mẹ́ta tí eré wa ti kọ́ mi fún yín.

Àkọ́kọ́: kí òfin orí káàdì má ju ìlà méjì lọ. Bó bá ń gba ìlà márùn-ún, ẹ ò tíì mọ ohun tí ẹ fẹ́.

Èkejì: ẹ bi àgbà kí ẹ tó ya ohun ilé wa. A fẹ́ fi Agẹmọ mẹ́rìndínlógún, òrìṣà Ìjẹ̀bú tí obìnrin kì í fojú rí, ṣe káàdì nígbà kan. Bàbá kan bi wá pé ṣé àwọn obìnrin náà á máa mú un lọ́wọ́. A pa á tì.

Ẹ̀kẹta ni Àwìn, òun ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa.

Owó ẹyọ la fi ń ra káàdì nínú eré wa: ẹ ó gba ẹyọ kan ní àyípo kìíní, méjì ní ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tẹ́ ẹ ò bá ná, ẹ lè tọ́jú ẹ̀. Ẹ̀mí 20 lẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Ẹyọ 7 ni káàdì Àjànàkú. Láti àyípo tó tẹ̀ lé èyí tẹ́ ẹ gbé e, ó ń gba ẹ̀mí 7 lọ́wọ́ ọ̀tá. Èmi wá gbé òfin kalẹ̀ pé ẹ lè gbé káàdì kan láwìn ní àyípo kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ san owó rẹ̀ ní àyípo kẹta lẹ́yìn náà. Ẹni tí kò bá rí i san ti pàdánù. Mo fẹ́ràn òfin yẹn bí ọmọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ìdí igbá ọjà ìyá mi ni mo dàgbà sí. Mo mọ bí oorun ṣe ń dá lójú ẹni tó jẹ gbèsè.

Oṣù mẹ́ta làwa mẹ́rin fi dán an wò. Ẹni tó bá gbé Àjànàkú láwìn á jókòó, á máa ṣọ́ ẹyọ rẹ̀ ná. Kò sẹ́ni tó gba àwìn kejì kó tó san ti àkọ́kọ́. Òfin ò sọ pé ká má gbà á o. Ìtìjú ilé wa la gbé wọnú eré láìmọ̀. Mo kó àjọ mi, mo fi tẹ àpò 200.

Ọjọ́ kẹta Iléyá, lọ́jọ́ Ojúde Ọba, a tẹ́ tábìlì sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọkùnrin kan ka òfin náà lẹ́ẹ̀mejì, ó gbójú sókè: "Bọ̀ọ̀dá, tí mo bá ti pa ọ̀tá mi kí ọjọ́ gbèsè tó pé, ta ni mo fẹ́ san án fún?"

Mi ò rí èsì fún un. Àyípo kìíní, ó gbé Àjànàkú láwìn. Ìkejì, ó gba ẹ̀mí 7, ó tún gbé òmíràn láwìn. Ìkẹta, àwọn méjèèjì jà, 14. Ó di 21, ẹ̀mí 20 ọ̀tá ti tán. Àyípo kẹrin ni gbèsè àkọ́kọ́ ì bá tó pé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ ló ń ṣe é. Ẹni tó bá ti ṣáájú ló ń borí. Ìyá kan dá àpò tó rà padà, mo san owó rẹ̀ fún un.

À ń palẹ̀ mọ́ ni ọ̀kan nínú wa tó wí pé òun ti rí i láti oṣù méjì sẹ́yìn, òun ò kàn fẹ́ kó dùn mí ni. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Mi ò bá ọmọ yẹn bínú rárá, ẹni tó mọ̀ tó dákẹ́ ni mo ń bá bínú.

Ẹlòmíì sì ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Ní 2007, Magic: The Gathering, eré káàdì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé káàdì kan tó ń jẹ́ Pact of Negation jáde: ọ̀fẹ́ lẹ máa lò ó, ní ìbẹ̀rẹ̀ àyípo yín tó kàn lẹ máa san márùn-ún nínú ohun tí wọ́n ń ná nínú eré náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ti pàdánù. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò jù kì í dúró san án. Wọ́n á ti borí ní àyípo yẹn kan náà. Ká ní mo ti mọ̀ ni, ǹ bá ti fi ọjọ́ kan ṣoṣo ṣe eré wa bí ọ̀dájú.

Òfin tí a fi tún un ṣe ni pé káàdì àwìn ò lè jà títí ẹ ó fi san ìdajì owó rẹ̀. A kọ ọ́ sórí bébà pélébé, a fọwọ́ tì í bọ àpò tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá mi ń bá wa kà á títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́.

Àbúrò mi ní Ṣàgámù, jọ̀ọ́, má tíì lọ sílé ìtẹ̀wé. Fi báírò kọ káàdì náà sórí páálí, kó o gbé e wá bá mi ní Sátidé. Mú ẹnì kan dání tí kò ní ṣàánú ẹ.